Awẹ́ Kẹrin

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìwó. Wọn ò fún mi ní abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dáná sí i láràárọ̀, kí n fẹ́ ẹ títí èédú á fi pọ́n dáadáa, kí n da eérú rẹ̀ nù, kí n sì ṣọ́ ọ kí iná má baà ta sára aṣọ oníbàárà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n jókòó sídìí másíìnì. Inú bí mi nígbà náà. Lójú tèmi, abẹ́rẹ́ àti òwú niṣẹ́ télọ̀, kì í ṣe iná fífẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, mo ṣí ìdérí áyọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ kí èédú lè ráyè mí. Láílọ́ọ̀nù kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Atẹ́gùn gbé e, ó da ẹnu rẹ̀ dé orí oru èédú. Mo nawọ́ kí n tètè mú un kó tó yọ́ mọ́ irin, àmọ́ kò yọ́. Inú rẹ̀ wú. Ó nàró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó gbéra, ó ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi kan páànù. Ó dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka ení dé àrún, lẹ́yìn náà ó rọ, ó sì já bọ́. Mo tún gbé e lé oru náà. Ó tún fò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀gá wọlé bá mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ lò ń ṣe àbí eré?”

“Ẹ má bínú, sà.”

Wọ́n mú láílọ́ọ̀nù náà, wọ́n wò ó, wọ́n kó o sápò. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ogún ọdún ó lé.

Ohun tí mi ò gbàgbé ni bí ọ̀gá ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Láti ayé Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámúyẹ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní Ìwó, ìkórè télọ̀ ìlú wa sì ni Iléyá. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, a kì í sùn. Aṣọ á kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, àtùpà á máa jó, àwọn oníbàárà á máa kan ilẹ̀kùn láago mọ́kànlá òru pé ṣé tàwọn ti jáde. Nínú gbogbo ìdààmú yẹn, ọ̀gá ò ní gba aṣọ kankan lọ́wọ́ wa kí wọ́n má yí i padà. Wọn ò ní wo iwájú rẹ̀ rárá. Inú ni wọ́n ń wò. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti abíyá dé ìsàlẹ̀, bí aláfàá ṣe ń fìka tọ ìlà ìwé. Ibi tí òwú bá ti pàdánù ìlà, àtàǹpàkò á dúró. “Tú u.” Ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn. Wọ́n ní iwájú aṣọ ni ti oníbàárà, inú rẹ̀ ni ti télọ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní ojú rírán kan tó le jù fún ọwọ́ ọmọdé. Èèyàn á ká etí aṣọ méjèèjì wọnú ara wọn, bí ẹni di ọwọ́ méjì mú, á wá rán an lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo inú itan ṣòkòtò jíǹsì, ẹ óò rí i. Kì í ya bọ̀rọ̀, kì í sì í ní etí tó ń tú. Ọdún kan ni mo fi kọ́ ọ kó tó gún régé. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo gba fírídọ̀mù, wọ́n ṣàdúrà fún mi, a jẹ, a mu, mo jáde.

Ìgbà kejì tí mo rí láílọ́ọ̀nù yẹn, Bristol ni mo wà, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó mi ló ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì síbẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ sì tẹ̀lé e. Ìlú odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó, àdúrà tí wọ́n sì ń ṣe fún wa tí a bá ń rìnrìn àjò ni pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Oko ìwájẹ tèmi, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, iṣẹ́ òru. Mo gbé másíìnì mi ti ògiri nínú yàrá, mo ń rán aṣọ ẹbí fún àwọn èèyàn wa nígbà tí mo bá ráyè.

Àárọ̀ kan nínú oṣù Ògọ́sì, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, oorun ń kùn mí. Mo gbọ́ ohùn kan lórí mi, hàà, bí ìgbà tí ẹran ńlá bá mí kanlẹ̀. Mo gbójú sókè. Nǹkan pupa kan tó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ ń kọjá lórí òrùlé, apẹ̀rẹ̀ kan so mọ́ ọn nísàlẹ̀, àwọn èèyàn inú apẹ̀rẹ̀ náà ń juwọ́ sí mi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo ka mẹ́tàdínlógójì kí n tó dákẹ́. Láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì ọjọ́sí ló sọ sí mi lọ́kàn, àti oru èédú. Mi ò lọ sùn mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń gbéra ni mo wá lọ.

Ọgbà Ashton Court ni, létí ìlú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Bristol ń ṣe ọdún bàlúùnù rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé nígbà tí mo lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbéra, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn á wá máa rú sókè-sódò, bàlúùnù ò sì fẹ́ ìyẹn. Lálẹ́, wọ́n á so àwọn kan mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi iná inú wọn bá orin rìn, ọ̀kan á tàn, òmíràn á ṣú. Àwọn ọmọ tó wà léjìká bàbá wọn níbẹ̀ ń pariwo bí ọmọ Ìwó ṣe ń pariwo tí iná bá dé.

Mo fẹ́ mọ bí ọdún yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé màá gbọ́ pé ọba kan ló dá a sílẹ̀, tàbí pé ìjọba ìlú ló pe ìpàdé lé e lórí. Ohun tí mo gbọ́ bá mi lára mu ju ìyẹn lọ. Ìdí másíìnì ìránṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Don Cameron lorúkọ ọkùnrin náà. Glasgow ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1939, ó kàwé nípa ọkọ̀ òfuurufú, iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ló sì gbé e wá sí Bristol. Lọ́dún 1967, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kóra jọ, wọ́n ṣe bàlúùnù kan, wọ́n sọ ọ́ ní Bristol Belle. Òun ni bàlúùnù olóoru ìgbàlódé àkọ́kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, oṣù Júláì ọdún náà ló sì kọ́kọ́ gbéra. Lọ́dún 1971 Cameron dá ilé-iṣẹ́ bàlúùnù sílẹ̀, inú àjà ilẹ̀ ilé ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bedminster, nínú Bristol, ni ilé-iṣẹ́ náà wà báyìí. Àwọn tó ń ṣe bàlúùnù, àwọn tó ń tún un ṣe, àwọn tó ń wà á, gbogbo wọn wá pọ̀ sí àdúgbò kan. Ọdún 1979 ni wọ́n tó ṣe ọdún bàlúùnù àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń gé aṣọ, tí wọ́n ń rán an, tí wọ́n ń fò, kó tó di pé wọ́n pe ìlú wá wòran.

Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti rí i níbòmíràn bákan náà. Albuquerque ní Amẹ́ríkà ni ọdún bàlúùnù tó tóbi jù lọ láyé wà báyìí, bàlúùnù tó lé ní 500 ló ń gbéra níbẹ̀ nínú oṣù Ọ̀kítóbà. Ní Épírì ọdún 1972 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mẹ́tàlá péré ló gbéra, láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ilé-ìtajà ńlá kan. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú náà, KOB, ló ń ṣọdún àádọ́ta, Sid Cutter tó ní bàlúùnù tirẹ̀ nílùú náà ló sì kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ká ní kò sí ẹni tó ti ń fò nílùú tẹ́lẹ̀, àkàrà òyìnbó nìkan ni ilé-iṣẹ́ rédíò ì bá gé.

Nílẹ̀ adúláwọ̀ wa níhìn-ín, èyí tó jọ ọ́ jù lọ tí mo mọ̀ ni ti Kwahu ní Gánà. Oníṣòwò ni àwọn ará Kwahu, Ọdún Àjíǹde ni wọ́n sì máa ń ti Àkíra àti ibi gbogbo padà wálé, bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe ń wálé nítorí Òjúde Ọba. Lọ́dún 2005, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ mú aṣọ òfuurufú wọ inú ìpadàwálé yẹn. Láti orí òkè Odweanoma ní Atibie ni àwọn èèyàn ti ń fi aṣọ gbọọrọ fò, wọ́n á bà sí Nkawkaw nísàlẹ̀. Kò sí iná nínú tiwọn, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń gbé wọn. Ohun tí wọ́n ṣe wú mi lórí. Àwọn èèyàn ti ń padà wálé fúnra wọn tẹ́lẹ̀, nǹkan tuntun ni wọ́n rán mọ́ aṣọ tó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fò níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àlejò tí wọ́n pè láti òkè òkun ni. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan wà nílé.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bàlúùnù tó gbé èèyàn láyé pàápàá, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Ìdílé tó ń ṣe ìwé ni Joseph àti Étienne Montgolfier ti wá, ní Annonay ní Faransé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé aṣọ tí wọ́n sá sórí iná ló wú lójú Joseph. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, nítorí èmi náà rí tèmi. Ní oṣù Júùnù ọdún 1783, wọ́n fi aṣọ àpò ṣe bàlúùnù kan, wọ́n fi ìwé lé e nínú, bọ́tìnì bíi 1,800 ni wọ́n sì fi de awẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bọ́tìnì! Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo fi ìwé náà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn jókòó gbé bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n gbé àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan sókè ní Versailles. Ní Nòfẹ́ńbà, èèyàn méjì gorí rẹ̀ ní Párísì.

Nínú ọgbà Ashton Court lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin kan ń ká bàlúùnù rẹ̀ tó ti bà, èèyàn kò tó o. Mo bá a dì í mú. Ó bi mí bóyá mo máa ń jí ní kùtùkùtù. Mo ní n kì í tiẹ̀ í sùn lóru. Báyìí ni mo ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a gbé e.

Ojú ìkọ́ṣẹ́ tún dé. Òkè ogójì ọdún ni mí, ni wọ́n bá tún fi iṣẹ́ ọmọdé lé mi lọ́wọ́. Ìbọ̀wọ́ awọ ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n lọ di okùn orí mú. Okùn yẹn gùn láti ṣóńṣó orí bàlúùnù wá sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ náà sórí koríko, wọ́n á so ó mọ́ apẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n á fi fáànù ńlá fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lẹ́nu títí tí ikùn rẹ̀ á fi yọ. Awakọ̀ á wá tan iná gáàsì sínú rẹ̀. Bí oru ṣe ń wọlé, orí náà á máa dìde, iṣẹ́ ẹni tó di okùn orí mú sì ni kó fà á sẹ́yìn kó má baà ta gìrì dìde kó sì ré kọjá sí òdìkejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró bí ẹni fẹ́ fa ewúrẹ́. Ó wọ́ mi lórí ìrì bíi ẹsẹ̀ bàtà ogún. Wọ́n ní kí n má fi apá fà á, kí n fi ìdí jókòó sínú afẹ́fẹ́, kí n máa rìn tẹ̀lé e bó bá ṣe ń gbà mí láàyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó wọ̀ mí lára.

Ọkùnrin náà ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàlúùnù ṣe. Ìyá àgbà kan ló ń bójú tó ibẹ̀. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ahọ́n mi kọ̀ ọ́, “Mà” ni mo ń pè é títí ó fi gbà. Ó bi mí ohun tí mo mọ̀. Mo ní télọ̀ ni mí. Ó ju ègé aṣọ méjì sí mi, ó ní kí n so wọ́n pọ̀ fún òun bí mo ṣe mọ̀.

Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà mọ́. Mo to píìnì sí etí aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lọ gbọnrangandan, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Mo tún bi í pé níbo ni áyọ́ọ̀nù wà. Ìyá náà ò sọ nǹkan kan. Ó yọ píìnì mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wá mú aṣọ náà lọ sójú fèrèsé. Ó nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí píìnì kọ̀ọ̀kan ti wọlé, ojú ihò kan ń tàn níbẹ̀ bí ìràwọ̀. Láílọ́ọ̀nù ni aṣọ náà, wọ́n sì fi nǹkan kùn ún kí afẹ́fẹ́ má baà gba inú rẹ̀ jáde. Ihò tí abẹ́rẹ́ ṣe, òwú á dí i. Ihò tí píìnì ṣe kò ní ẹni tó máa dí i. Ní ti áyọ́ọ̀nù, ó ní bí mo bá gbé e lé aṣọ yìí, màá ká òróró nílẹ̀. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta fẹ́ná áyọ́ọ̀nù!

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá fi ojú rírán tí òun fẹ́ hàn mí, mo jókòó. Etí aṣọ méjèèjì ká wọnú ara wọn bí ọwọ́ méjì tó dira mú, wọ́n sì rán an lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú itan ṣòkòtò. Mo ní, “Mà, mo mọ eléyìí.” Mo rán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láìfi píìnì kan, ìka nìkan ni mo fi ń ká a bí mo ṣe ń lọ. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkàn mi fò lọ sí Ìwó.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo kọ́ pé awẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ bàlúùnù, bí awẹ́ ọsàn, tó tín-ín-rín lókè, tó fẹ̀ láàárín, tó sì tún tín-ín-rín nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì awẹ́ kan gé, gbogbo ara rẹ̀ á hunjọ síbẹ̀. Mo kọ́ pé kì í ṣe aṣọ ló ń ru ẹrù. Ọ̀já gbọọrọ ni wọ́n rán mọ́ ojú gbogbo awẹ́, láti orí dé ẹnu, ọ̀já wọ̀nyẹn ló sì ń ru apẹ̀rẹ̀ bí ọ̀já ṣe ń ru ọmọ. Aṣọ tó wà létí iná yàtọ̀ sí ìyókù, iná kì í tètè ràn án. Ihò ńlá wà lórí pátápátá, aṣọ róbótó kan ló dí i láti inú. Awakọ̀ á fa okùn, ihò á là, oru á jáde, bàlúùnù á sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí oru orí rẹ̀ kọjá nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apẹ̀rẹ̀ kò ní irin púpọ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi hun ún, bí alápẹ̀rẹ̀ ìlú wa ṣe ń hun tirẹ̀, nítorí ọ̀pá máa ń tẹ̀ tó bá balẹ̀ gìdì, kì í dá.

Ní òpin ọdún kejì ni wọ́n gbé mi sókè. Ẹ̀rù bà mí títí ilẹ̀ fi kúrò lẹ́sẹ̀ wa, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kúrò. Kò sí atẹ́gùn kankan lójú mi, nítorí àwa àti atẹ́gùn jọ ń lọ ni. Ajá ń gbó nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi ló wà. Kò sí ìtọ́kọ̀ nínú rẹ̀. Tí awakọ̀ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á wá atẹ́gùn tó ń lọ sọ́tùn-ún, bóyá lókè, bóyá nísàlẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ń wo odò àti afárá. Èmi gbórí sókè, mò ń wo inú aṣọ. Gbogbo ojú rírán rẹ̀ ló kọjú sí mi, láti ẹnu dé orí, ìlà lórí ìlà, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì ń gba inú awẹ́ pupa rẹ̀ wọlé. Nínú aṣọ ayé yìí, ọ̀kan tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè máa wo inú rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mi rí i.

Èyí ló gbé mi wálé lásìkò ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní bàlúùnù tí mo lè gbé wá, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ fi iná ṣeré lórí koríko gbígbẹ. Mo pinnu pé ìwé ni màá fi ṣe é, màá fi òwú so ó, iná á sì dúró nílẹ̀. Àwọn ọmọ àbúrò mi obìnrin mẹ́ta ló bá mi ṣe é nínú àgbàlá. A fi ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń fi bo ìwé iléèwé gé awẹ́ mẹ́jọ, ìkọ̀ọ̀kan gùn ní mítà méjì, a fi sítáàṣì tí télọ̀ fi ń mú aṣọ le lẹ̀ wọ́n pọ̀. A gbé ẹnu rẹ̀ lé orí àdògán èédú, a fi agolo tí a là ní ìsàlẹ̀ ṣe ọ̀nà oru. Ó wú, ó ga, ó dúró síbẹ̀. Kò gbéra. Àbígbẹ̀yìn wọn ní, “Bọ̀dá, ó ti yó jù.”

Ó wúwo jù ni. Mo mú ìwé àti bírò, mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tó bá jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wúwo tó kílò 1.2. Tó bá gbóná dé 100, á ku bíi 0.95. Ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń gbé ẹrù. Bàlúùnù ńlá tó gba 2,200 kúbíìkì mítà lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé bíi kílò 550, aṣọ àti apẹ̀rẹ̀ àti gáàsì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ìwó, tí ìta fúnra rẹ̀ bá ti gbóná dé 34, kílò tó lé ní 100 á ti bọ́ níbẹ̀, àgbàlagbà kan àti ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni òfuurufú wa máa ń rù wá. Nínú tiwa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó kúbíìkì mítà kan, ìwé wa nìkan sì wúwo ju ohun tó lè gbé lọ.

Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ká bàtà tuntun sínú rẹ̀ ni mo wá kiri lọ́wọ́ àwọn oníbàtà nínú ọjà fún ọjọ́ méjì. Mo tún awẹ́ mẹ́jọ gé. A gbìyànjú rẹ̀ lọ́sàn-án nítorí àwọn ọmọ kò lè dúró, ó gbéra ní ìwọ̀n orúnkún, ó sì padà. Mo ní kí wọ́n lọ sùn.

Ilé ọ̀gá ni mo mú wọn lọ ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ti darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣọ́ọ̀bù ti di yàrá ọmọ-ọmọ wọn. Áyọ́ọ̀nù náà ṣì wà, ó ti dípata, wọ́n fi ń dènà ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó síta díẹ̀. Wọ́n fi aṣọ òtútù bora, wọ́n sì mú ìdì òwú funfun kan wá fún wa, èyí tí mo mọ àpótí rẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo òrùlé, a ò rí ilé kẹrin sí wa. Mo fẹ́ iná náà fúnra mi. Èédú pọ́n. Àwọn ọmọ di ẹnu ìwé náà mú yí agolo ká, ikùn rẹ̀ yọ, ó nàró, mo ní kí wọ́n jù ú sílẹ̀.

Ó lọ. Ó kọjá fèrèsé, ó kọjá etí páànù, ó kọjá igi máńgòrò, òwú ń yí lọ́wọ́ àbígbẹ̀yìn wírí-wírí, ó ń ké pé, “Bọ̀dá, ó ń fà mí!” Lókè, oòrùn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa bà á, ìwé funfun náà sì tàn bí àtùpà. Àwọn aládùúgbò jáde, ìyá kan tó ń gbálẹ̀ dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá gbórí sókè, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, wọn ò sọ nǹkan kan títí tí oru fi tán nínú rẹ̀ tó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sórí itan. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà ya. Àtàǹpàkò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú lílẹ̀ náà. Awẹ́ kìíní, èkejì, ìkẹta. Ó dúró.

“Awẹ́ kẹrin yìí, ta ló gé e?”

“Èmi ni, sà.”

“Tún un gé.”